Aago Inú Ara: Oorun, Òru àti Ìlera Wa

Ọ̀rọ̀ oorun ni a gbé síwájú lónìí. Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni wọ́n pè sí ohun tí ó jọ iṣẹ́ oníṣègùn, ìdáhùn mi ni pé inú èdè ni mo ti kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé.

Kí aago ògiri tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti pín ọjọ́ sí ọ̀nà púpọ̀: ìdájí, àfẹ̀mọ́júmọ́, òwúrọ̀ kùtùkùtù, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́, òru, ọ̀gànjọ́. Bí a bá wò wọ́n dáadáa, kì í ṣe ìrìn oòrùn nìkan ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìyálẹ̀ta ni ara ti yá tán fún iṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni àgbẹ̀ ń wá ibòji. Ọ̀gànjọ́ ni ó yẹ kí ẹsẹ̀ ti dá pátápátá. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá fi kún un ni pé ara kò dúró de oòrùn kí ó tó mọ wákàtí. Ó ní aago tirẹ̀ nínú.

Gbogbo ọmọ tí ó dàgbà ní Òṣogbo tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó mọ patanmọ́, ewéko ẹ̀bá ọ̀nà tí í pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án. Ohun tí ọmọdé kì í sábà kíyè sí ni pé patanmọ́ a máa pa ewé dé lálẹ́ láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, a sì tún ṣí i bí ilẹ̀ bá mọ́. Ní 1729, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn. Kò rí oòrùn mọ́, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́ lóde, a ṣí ewé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a pa á dé. Ta ni ó ń sọ fún un? Ó pẹ́ kí ìdáhùn tó dé. Ní 2017, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n ṣàlàyé bí aago náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn eṣinṣin kéékèèké tí í máa bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù: èròjà kan ń pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì lóru, ó sì ń tú ká lọ́sàn-án, lójoojúmọ́.

Ti ènìyàn wà nínú ọpọlọ, ní òkè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Wákàtí 24 àti díẹ̀ ni ó fi ń yí po, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni ó ń tún un ṣe lójoojúmọ́, bí ẹni ń yí ọwọ́ aago tí kì í yára tó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ a tú èròjà kan tí a ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀. Ara a bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, a sì tutù jù lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀rí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti aràn tí ń fa jàbùtẹ̀. Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ aràn yìí a sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Lóru, nígbà tí ẹ̀fọn ń jẹni, wọn a jáde sínú ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ. Ìdí nìyí tí a fi máa ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò àrùn náà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru. Ní 1881, dókítà kan ní London, Stephen Mackenzie, mú kí aláìsàn kan máa sùn lọ́sàn-án, kí ó sì máa lajú sílẹ̀ lóru. Kò pẹ́ tí àwọn aràn náà fi yí àkókò wọn padà, tí wọ́n ń jáde lọ́sàn-án. Aràn lásán mọ ìgbà tí ẹni tí ó gbà á sílé ń sùn!

Àwa tí a wà ní ìhín kò ní ẹjọ́ kankan lọ́dọ̀ oòrùn. Ní London, ọ̀sán oṣù Kejìlá kò ju nǹkan bí wákàtí 8 lọ, ti oṣù Kẹfà sì lé ní 16. Ní Òṣogbo àti Iléṣà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀sán tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù nínú ọdún kò tó wákàtí kan. Ta ni ó tún yẹ kí aago ara rẹ̀ dúró ṣinṣin tó tiwa? N kò sọ pé àwọn baba wa kì í ṣe àìsùn. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, wọn a máa tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún ní Òṣogbo, yóò sì máa jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Iná mànàmáná, jẹnẹrétọ̀ àti fóònù ti sọ alaalẹ́ di òru àtùpà.

Àwọn kan wà tí kò ní yíyàn. A kò lè ní kí nọ́ọ̀sì Wesley Guild ní Iléṣà lọ sùn nígbà tí aboyún ń rọbí. Ní 2007, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iṣẹ́ òru mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe gan-an kí ó máa fa àrùn náà, wọ́n sì tún un sọ ní 2019. Àwọn olùwádìí tún rí i pé ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru fún ọdún pípẹ́. Bí a bá ní láti máa pààrọ̀ wọn, kí a gbé wọn láti iṣẹ́ òwúrọ̀ sí ti ọ̀sán, kí a tó gbé wọn sí ti òru. Ó rọrùn fún ara láti sún oorun síwájú ju kí ó fà á sẹ́yìn lọ. Ṣùgbọ́n ilé wa gan-an ni ìyọnu pọ̀ sí. Nọ́ọ̀sì tí ó ti òru bọ̀ dùbúlẹ̀ ní ìyálẹ̀ta, ni wọ́n bá ń gún iyán lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Àlejò dé, wọ́n ní kí ó dìde wá kí i. Bí kò bá dìde, wọn a ní ó ń gbéra ga. Kí a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí a sì jẹ́ kí ó sùn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, bẹ́ẹ̀ ni aago ara ọmọ tí ń bàlágà a máa pẹ́ ju ti àgbàlagbà lọ: oorun kì í tètè kùn ún lálẹ́, ojú rẹ̀ kì í sì í tètè dá lówùúrọ̀. A ń pè é ní ọ̀lẹ, a ń da omi sí i lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi gbogbo òru kàwé nítorí ìdánwò pàápàá ń ba ohun tí ó ń kọ́ jẹ́, nítorí inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà sí ààyè rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ bá mi jókòó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyí: ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, tí ó ń pa iná ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí agogo ìjí rẹ̀ ń dún ní aago márùn-ún ìdájí, wákàtí 7 péré ni ó fún wọn. Èwo ni kí a yí nínú méjèèjì, ta ni yóò sì bá àwọn òbí sọ ọ́?