Níbo Ni Iná Yóò Ti Wá? Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Microcontroller



Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí jù ni pé, "Ọ̀gá, microcontroller wo ló dáa jù?" Èmi náà á bi wọ́n pé: níbo ni ẹ̀rọ yín yóò ti máa rí iná? Wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyára ṣíìpù ló yẹ ká wò kẹ́yìn, òun sì ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan. Ilé kan ní tánkì omi lórí òpó irin gíga. Pọ́ǹpù tó ń fa omi láti inú kànga wà nísàlẹ̀. A fẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí yóò wà lókè, tí yóò máa wo ibi tí omi dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí yóò sì ránṣẹ́ sísàlẹ̀ kí pọ́ǹpù lè ṣiṣẹ́ tàbí kó dáwọ́ dúró. Wáyà iná ò dé òkè yẹn. Bátìrì ló máa lò.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣíìpù méjì wéra fún iṣẹ́ yìí. ATmega328P, tó wà nínú bọ́ọ̀dù Arduino Uno, kì í sáré ju megahertz 20 lọ. Kilobyte 32 làyè tó ní fún kóòdù, RAM rẹ̀ ò sì ju kilobyte 2. ESP32, tí ilé-iṣẹ́ Espressif ní Shanghai gbé jáde ní 2016, sábà máa ń ní ọpọlọ méjì tó lè sáré dé megahertz 240, RAM kilobyte 520, Wi-Fi àti Bluetooth nínú ṣíìpù kan náà. Ẹni tó bá ń wo ìwé ìpolówó nìkan á ní ìjà ti parí. Àmọ́ kí ni ẹ̀rọ tó ń wo omi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá fẹ́ fi eré sísá ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí Wi-Fi ESP32 bá wà ní títan ṣáá, ó lè máa jẹ nǹkan bíi milliamp 100. Bátìrì 2,500 milliamp-wákàtí á tán láàárín wákàtí 25. Ta ló máa gun òpó lójoojúmọ́? A lè jẹ́ kó sùn, lóòótọ́: tó bá sùn wọra, kò jẹ ju nǹkan bíi microamp 10 lọ. ATmega náà, tó bá ń sùn tí aago tó máa jí i ṣì ń ṣiṣẹ́, microamp díẹ̀ ló ń jẹ. Nínú oorun, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ìgbà tí wọ́n bá jí ni wàhálà wà. ESP32 á kọ́kọ́ wá Wi-Fi kàn, èyí lè gba ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan, ohun tó ń jẹ tó bá ń ránṣẹ́ sì lè dé milliamp 240. ATmega á ka sẹ́ńsọ̀, á fi rédíò kékeré sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, á tún padà sùn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á gbé odidi bọ́ọ̀dù Uno lé bátìrì, wọ́n á ní kí ṣíìpù sùn, bátìrì á sì tán síbẹ̀. Ṣíìpù sùn o! Àmọ́ ṣíìpù USB, rẹgulétọ̀ àti LED tó ń tàn lójú bọ́ọ̀dù ò sùn, àwọn nìkan lè jẹ ọ̀pọ̀ milliamp. Bọ́ọ̀dù ESP32 olówó pọ́ọ́kú náà rí bẹ́ẹ̀: rẹgulétọ̀ AMS1117 tó wà lórí ọ̀pọ̀ wọn lè jẹ nǹkan bíi milliamp 5 lásán. Ṣíìpù ATmega lásán ń ṣiṣẹ́ láti fóòtì 1.8 dé 5.5, nítorí náà a lè so ó mọ́ bátìrì lithium kan láìlo rẹgulétọ̀ rárá. ESP32 ò gbọdọ̀ rí ju fóòtì 3.6 lọ, bátìrì yẹn sì ń dé 4.2 tó bá kún.

Nísàlẹ̀, níbi tí iná wà, ESP32 ni mo máa fi sí i, kí onílé lè máa wo tánkì lórí fóònù. Ẹ kàn má ṣe so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ADC2 rẹ̀, tó wà fún kíka fóòtì: bí Wi-Fi bá ti tàn, ẹ ò ní lè fi ka nǹkan kan dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọjà náà tún wà níbẹ̀. Ní 2021, nígbà tí ṣíìpù wọ́n káàkiri ayé, microcontroller STM32F103 tí gbogbo èèyàn ti ń rà ní pọ́ọ́kú di ọ̀wọ́n gógó. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni microcontroller mìíràn, RP2040, jáde lórí bọ́ọ̀dù Pico, ní dọ́là 4. Ẹni tó ti ya ibi tí kóòdù rẹ̀ ti kan ṣíìpù sọ́tọ̀ rọra ṣí lọ. Ẹni tó lọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ tún iṣẹ́ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn tó ṣì ń bú ara wọn nítorí microcontroller PIC àti AVR, ìdílé ATmega wa, ilé kan náà lowó àwọn méjèèjì ń wọ̀ báyìí: láti 2016 ni Microchip, oní-PIC, ti ra Atmel, oní-AVR.

Ẹ rí i pé STM32 ò ríṣẹ́ lórí tánkì wa. Tó bá jẹ́ inverter la fẹ́ ṣe ni, òun ni mo máa kọ́kọ́ mú. Aago TIM1 inú STM32F103 lè máa fi àlàfo kékeré sáàárín pípa swíìṣì kan àti títan èkejì, kí méjèèjì má bàa tàn pọ̀ kí wọ́n sì jóná. Ó ń ṣe é fúnra rẹ̀, bí kóòdù wa tilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.