Ìwé Ẹ̀rí àti Ìwà: Ohun Méjì tí Í Sọ Ènìyàn di Tíṣà

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kan gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ nílé-ìwé, ṣùgbọ́n Alímọ̀ṣọ́ ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ènìyàn bá ti Ìkòtún kọjá sí Ìdímù, tí ó yà sí Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí tí ó gba ọ̀nà Ìgándò, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó rí pátákó ilé-ìwé. Èyí kò yani lẹ́nu. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2006, 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, ọmọ a pọ̀ níbẹ̀. Níbi tí ọmọ bá sì pọ̀ sí, ilé-ìwé a pọ̀.

Nígbà tí òbí bá mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ìbéèrè mẹ́ta ni ó sábà máa ń bèèrè. Èló ni owó ilé-ìwé? Ǹjẹ́ ọkọ̀ wà tí yóò máa gbé ọmọ? Ṣé àwọn ọmọ ibẹ̀ gbọ́ òyìnbó dáadáa? Ìbéèrè kẹrin, tí ó ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ni a kì í sábà bèèrè: ta ni tíṣà tí yóò dúró níwájú ọmọ mi, kí ni ó kọ́, irú ìwà wo ni ó sì ń hù?

Láyé àtijọ́, àwọn ìjọ Ọlọ́run ni wọ́n ń tọ́ tíṣà. Ní 1896 ni ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, àwọn tíṣà tí ó jáde níbẹ̀ sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè Alímọ̀ṣọ́ wà nígbà náà, títí di ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi, ṣùgbọ́n àwọn tíṣà tí a tọ́ kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gba àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ tíṣà sí iṣẹ́, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ lọ́wọ́ bí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́.

Àwọn tíṣà fúnra wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ wọn di iṣẹ́ ẹni tí kò ríṣẹ́ mìíràn ṣe. Láti 1931 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́, Ẹgbẹ́ Àwọn Tíṣà Nàìjíríà, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n wo dókítà, wọ́n wo lọ́yà, wọ́n rí i pé ìgbìmọ̀ kan wà tí ń yẹ̀ wọ́n wò kí ó tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí ó sì lè yọ orúkọ náà bí wọ́n bá ṣìwà hù. Ní 1993 ni òfin dá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tíṣà ní Nàìjíríà, òun ni a mọ̀ sí TRCN.

Kí ni ìgbìmọ̀ yìí ń bèèrè? Èkíní ni ẹ̀kọ́. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ni wọ́n to àwọn tíṣà sí. Ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí NCE wà ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó gba oyè yunifásítì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó gba oyè kejì wà lókè rẹ̀. Ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ni ó wà ní téńté. Ẹni tí ó gboyè nínú ìmọ̀ mìíràn, bí ìṣirò tàbí ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, kò lè torí ìyẹn wọlé tààrà. Ó gbọ́dọ̀ padà lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kí ó gba ìwé ẹ̀rí tí a ń pè ní PGDE. Láti 2017 ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀.

Èkejì ni ìwà. Òfin náà sọ pé ẹni tí yóò forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwà rere, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi jìbìtì tàbí àìṣòótọ́, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe lẹ́yìn odi. Bí ó bá sì forúkọ sílẹ̀ tán tí ó ṣe ohun ìtìjú, àwọn kan wà tí yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà, àwọn mìíràn wà tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, ‘Ìwà rere nìkan ti tó, kí ni a ń fi ìwé rẹpẹtẹ ṣe?’ Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ọmọ kan wà tí ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, nítorí pé mẹ́rin ju mẹ́ta. Tíṣà tí kò kọ́ṣẹ́, bí ó ti wù kí ó níwà tó, lè pariwo mọ́ ọn, tàbí kí ó ní kí ó lọ kọ́ ọ sórí. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ mọ ibi tí ọmọ náà ti ṣìnà. Yóò mú búrẹ́dì Agége méjì tí ó dọ́gba, yóò gé ọ̀kan sí mẹ́ta, yóò gé èkejì sí mẹ́rin, yóò sì ní, ‘Yan èyí tí ó tóbi.’ Ebi yóò kọ́ ọmọ náà ní ìṣirò! Ohun tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà wà fún nìyí: kí a mọ ọkàn ọmọ, kí a sì mọ ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà wọ̀ ọ́.

Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ lè sọ pé oyè gíga nìkan ti tó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀mọ̀wé kan bá gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, tí ó kọ ìdáhùn ìdánwò sí ojú pátákó fún wọn, kí ni ó kọ́ wọn? Ó kọ́ wọn pé olè dára bí kò bá sí ọlọ́pàá nítòsí. Ẹ̀kọ́ yẹn yóò pẹ́ lára wọn ju ìṣirò lọ. Ìdí nìyí tí òfin fi so ìwé ẹ̀rí àti ìwà pọ̀, tí kò fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ojú òfin kò tó. Ìwé ilé-ẹjọ́ kò lè fi hàn ju ohun tí ó dé ilé-ẹjọ́ lọ. Tíṣà tí ń bú ọmọ bí ẹni ń bú ẹran, tíṣà tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ sí ọmọbìnrin, tí ilé-ìwé kan rọra lé lọ láìsọ̀rọ̀ kí orúkọ ilé-ìwé má baà bàjẹ́, kò ní ẹ̀bi kankan lọ́rùn níwájú ìwé. Ọ̀la ni yóò gbéra láti Ẹ̀gbẹ́dá, tí yóò gbaṣẹ́ ní Ìgándò. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé oníwà rere ni, àánú kọ́ ni ó ṣe. Ó ti fi ọmọ ọlọ́mọ tọrẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé-ìwé, ẹ má gba ìwé ìjẹ́rìí kí ẹ kàn kó o sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ wá ilé-ìwé tí ẹni náà ti kúrò, kí ẹ bèèrè ìdí tí ó fi kúrò. Ẹ sì rántí pé owó oṣù tí kò tó jẹun kò lè mú tíṣà tí ó kọ́ṣẹ́ dúró. Ẹ̀yin òbí, ẹ bèèrè bóyá tíṣà ọmọ yín ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè. Bí ọmọ bá sì sọ fún yín pé òun kò fẹ́ dúró lọ́dọ̀ tíṣà kan, ẹ má kọ́kọ́ nà án. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ láìtíì kọ́ṣẹ́ rẹ̀, n kò wá láti bú yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ràn ọmọ, ẹ sì ń ṣe wàhálà. Ọ̀nà kò dí. Láti Ìgándò, ojú ọ̀nà kan náà ni yóò gbé yín dé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọjọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Akọka. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Ìjanikin náà ti di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2022. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn tí ọwọ́ yín bá tó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin ni tíṣà ọ̀la. Ìwà kì í ṣe ohun tí a ń sáré lọ rà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbaṣẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1999 sọ jìbìtì ìdánwò di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá sì dá lẹ́bi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ tíṣà mọ́ ara rẹ̀. Ìwé tí ẹ kò jí wò lónìí, òótọ́ tí ẹ sọ nígbà tí irọ́ ì bá gbà yín, òun ni ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ẹ gbà. Kò ní òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ni ó fọwọ́ sí i.

Àwọn bàbá wa sọ pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Kí a wá ìmọ̀, kí a sì pa orúkọ mọ́.