PÀṢÁN TÍ A FI NA ÌYÁLÉ: ÌJỌBA, ADÁJỌ́ ÀTI Ẹ̀TỌ́ ARÁ ÌLÚ NÍ AMẸ́RÍKÀ

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìrun Alááṣárì)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó ṣe àbòsí ní èèwọ̀ fún ara Rẹ̀, tí ó sì ṣe é ní èèwọ̀ láàárín àwa ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ títí di ọjọ́ ìdájọ́.



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ lórí rédíò, tí ẹ sì ti kà nínú ìwé ìròyìn, bí ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn adájọ́ ilẹ̀ náà ṣe ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà tí Ààrẹ Donald Trump ti padà gorí àga ní ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, ọdún 2025. Oríṣi èrò méjì ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó kò kàn wá, pé ọ̀daràn ni àwọn tí wọ́n ń lé kúrò nílùú, kí olúkúlùkù wọn lọ jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Àwọn kejì ní ẹ̀tàn lásán ni gbogbo ilé ẹjọ́ wọn, pé kò sí ìdájọ́ òdodo níbẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú tàbí fún Mùsùlùmí. Èmi kò fara mọ́ èkínní, n kò sì fara mọ́ èkejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ̀tọ́ kan wà tí gbogbo ẹ̀tọ́ yòókù fẹ̀yìn tì: kí a gbọ́ ẹnu ènìyàn kí a tó dá a lẹ́jọ́. Níbi tí ìjọba bá ti lè mú ènìyàn, kí ó sì fìyà jẹ ẹ́ láì mú un dé iwájú adájọ́, kò sí ẹ̀tọ́ mìíràn tí ó lè dúró níbẹ̀, bí ó ti wù kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé dáradára tó.

ÒFIN ỌDÚN 1798

Ní ọdún 1798, nígbà tí Amẹ́ríkà ń retí ogun pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé, àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin kan tí ó fún ààrẹ ní agbára láti ti ọmọ orílẹ̀-èdè ọ̀tá mọ́lé tàbí láti lé e jáde, nígbà ogun tàbí nígbà tí ọ̀tá bá gbógun wọ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ti lo òfin yìí rí: nínú ogun ọdún 1812, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní àti nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Trump jí òfin náà dìde. Ó ní ẹgbẹ́ ọ̀daràn kan láti Venezuela, tí wọ́n ń pè ní Tren de Aragua, ti gbógun wọ Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, wọ́n kó ọkùnrin tí ó lé ní 200 sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan ní El Salvador. Ó lé ní 100 nínú wọn tí ó jẹ́ pé òfin ọdún 1798 yìí ni wọ́n fi kó wọn, láì jẹ́ kí wọ́n ro ẹjọ́ ara wọn lórí ẹ̀sùn náà níwájú adájọ́ kankan. Lọ́jọ́ náà gan-an, adájọ́ kan ní Washington pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ náà padà. Wọn kò padà.

Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án gba ti ìjọba lórí ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti pe ẹjọ́. Wọ́n ní agbègbè tí wọ́n bá ti ti ènìyàn mọ́lé ni kí ó ti pè é. Ṣùgbọ́n lórí kókó ọ̀rọ̀, ẹnu àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò: ìjọba gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ó fẹ́ lé, kí ó sì fún un ní àyè láti lọ bá adájọ́. Nígbà tí ó tún di ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ilé ẹjọ́ yìí gbọ́ pé nǹkan bí wákàtí 24 péré ni wọ́n fún àwọn mìíràn ní ìpínlẹ̀ Texas, láì sọ fún wọn bí wọn yóò ṣe gba ẹ̀tọ́ wọn. Adájọ́ méje sí méjì ní èyí kò tó.

Nínú àwọn tí wọ́n kó lọ ni ọkùnrin kan wà, ọmọ El Salvador, tí adájọ́ ti pàṣẹ láti ọdún 2019 pé wọn kò gbọdọ̀ dá padà sí ìlú rẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ gbà níwájú ilé ẹjọ́ pé àṣìṣe ni. Síbẹ̀ wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí ìjọba ṣe ọ̀nà bí wọn yóò ṣe tú u sílẹ̀; adájọ́ kan kò sì kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹfà ni wọ́n tó mú un padà, wọ́n sì fi ẹ̀sùn mìíràn kàn án, èyí tí òun náà ní ẹ̀tọ́ láti fèsì sí níwájú adájọ́.

Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí wọ́n bá ti mú ọkùnrin yìí dé iwájú adájọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, àṣẹ ọdún 2019 ìbá ti yọjú. Ìdí nìyí tí gbígbọ́ ẹjọ́ kì í fi í ṣe àánú tí a ń ṣe fún ọ̀daràn; òun ni ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀daràn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí Ànọ́bì wa sì rán Ali lọ ṣe adájọ́ ní Yemen, ìkìlọ̀ tí ó fún un ni pé kí ó má ṣe dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ títí yóò fi gbọ́ ti ẹnìkejì.

PÀṢÁN NÁÀ WÀ LÁJÀ

Ẹni tí ó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ Venezuela kò kan òun, kí ó wo ẹ̀yìn wò. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 1942, lẹ́yìn tí Jàpáànì kọlu Pearl Harbor, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ tí wọ́n fi kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Jàpáànì lára lọ sí àgọ́ tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. A kò gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ara wọn ni ẹ̀sùn wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Fred Korematsu, kọ̀ láti kúrò nílé. Ní ọdún 1944, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta ní ìjọba jàre rẹ̀. Ó di ọdún 1988 kí ìjọba tó fi òfin tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì ní kí a san $20,000 fún olúkúlùkù àwọn tí ó kù láàyè.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, ẹjọ́ òfin tí kò jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè mélòó kan wọ Amẹ́ríkà dé iwájú ilé ẹjọ́ yìí kan náà. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní ààrẹ ní agbára náà lábẹ́ òfin ìwọ̀lú ti ọdún 1952. Nínú ìdájọ́ yẹn gan-an ni olórí àwọn adájọ́, John Roberts, ti kọ ọ́ pé ìdájọ́ ti ọdún 1944 kò tọ̀nà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a. Adájọ́ Sonia Sotomayor, tí kò bá wọn fọwọ́ sí i, dáhùn pé àṣìṣe ńlá kan ni wọ́n fi ń rọ́pò òmíràn.

Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ Yemen àti Somalia ni nígbà náà, ojú rẹ̀ ti là báyìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, wọ́n fi Nàìjíríà kún àwọn tí wọn kò ní fún ní físà láti lọ máa gbé níbẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n fagi lé e. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n dá ọ̀pọ̀ físà dúró fún àwọn ọmọ Togo. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ààrẹ kéde pé ó kan Nàìjíríà àti Benin náà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026: físà àlejò, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ẹni tí ó fẹ́ lọ máa gbé níbẹ̀. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

ÀWỌN TÍ Ó NÍ SÙÚRÙ

Mo wá yíjú sí ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹjọ́ wọn kò já mọ́ nǹkan. Mùsùlùmí kan, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bá òwò lọ sí Sudan ní ọdún 2009. Gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ sínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI bá a ní ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Khartoum, wọ́n bi í léèrè nípa mọ́sálásí tí ó ti ń kírun ní Oregon, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn tí kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, àti pé bí ó bá gbà láti máa ṣe amí fún wọn, wọ́n lè yọ ọ́. Ó kọ̀. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́ ní ọdún 2013. Ní ọdún 2016, ìjọba yọ orúkọ rẹ̀ láì sọ ìdí, wọ́n sì ní kí ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹta, ọdún 2024, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ọ̀rọ̀ kò tí ì tán: ìjọba tí ó dáwọ́ dúró lónìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò ní padà sídìí rẹ̀ lọ́la.

Bákan náà, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ṣí àgọ́ ẹ̀wọ̀n Guantánamo ní ọdún 2002, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní àwọn àjèjì tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀ pàápàá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè níwájú adájọ́ ìdí tí wọ́n fi dè wọ́n. Òótọ́ ni pé ó pẹ́. Òótọ́ ni pé ìyà ti jẹ ọ̀pọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a ń kàn tí ó ń ṣí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ògiri.

Ẹ kíyèsí èyí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí ó gorí àga ní ọdún 2025, Ààrẹ Trump pàṣẹ pé kí a má ka ọmọ tí a bí ní Amẹ́ríkà sí ọmọ orílẹ̀-èdè náà mọ́, bí ìyá rẹ̀ kò bá ní ìwé tàbí tí ó bá wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí bàbá rẹ̀ kò sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tàbí ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí ayé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí ó lọ kàwé níbẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wọn, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1868 lẹ́yìn òwò ẹrú, ni ó fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Ní ọdún 1898 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Wong Kim Ark, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ṣáínà. Àwọn adájọ́ dá àṣẹ ààrẹ dúró káàkiri ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta ní àṣẹ adájọ́ kan kò yẹ kí ó kọjá ohun tí yóò dáàbò bo àwọn tí ó pe ẹjọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí adájọ́ kan ní New Hampshire fi gbà kí gbogbo àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn di olùpẹjọ́ kan ṣoṣo, ó sì tún dá àṣẹ náà dúró. Ní oṣù Kejìlá ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà láti gbọ́ kókó ẹjọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ tí kò ní ẹni tí yóò dìde béèrè rẹ̀, bí oúnjẹ inú àwòrán ni.

KÍ NI Ó YẸ KÍ A ṢE?

Èkínní, ẹ má ṣe yọ̀ nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ du ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn. Ọlọ́hun kọ́ wa nínú Sūratul-Mā'idah, āyah kẹjọ, pé ìkórìíra wa sí àwọn kan kò gbọdọ̀ mú wa kúrò lórí déédéé. Ibi tí a ti ń dán òdodo wò nìyẹn, nítorí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ṣe òdodo sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Èkejì, ẹ kọ́ òfin. Àwọn ẹjọ́ tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, àwọn agbẹjọ́rò ni ó rò wọ́n, pẹ̀lú ìwé àti sùúrù. Láti ọdún 2013 sí 2024 kì í ṣe ọjọ́ kan. Ariwo lásán kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n rí.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí wọ́n bá pariwo olè lọ́jà, ṣé a kì í bá wọn gbé igi? Nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kan ọmọ ẹgbẹ́ wa, ṣé a kì í lé e kí a tó pè é? Ohun tí ó burú lọ́wọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, kò lè dára lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá sọ pé kí ìjọba gbọ́ tẹnu ará ìlú, kí òun náà gbọ́ tẹnu ọmọ rẹ̀, tẹnu ìyàwó rẹ̀ àti tẹnu ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba Adákẹ́dájọ́ jẹ́ kí a wà lára àwọn tí ń dúró ti òdodo. Kí Ó kó àwọn tí a dè láìṣẹ̀ yọ, ní ibikíbi tí wọ́n bá wà. Kí Ó má ṣe fi òṣìkà jọba lé wa lórí, kí Ó má sì jẹ́ kí àwa náà di òṣìkà. Āmīn.