Ìdúró De Èsì Ìdánwò: Iṣẹ́ Òbí Lórí Ọmọ Rẹ̀
Àsọyé fún àwọn òbí ìjọ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó kan ìyá tí ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Akẹ̀sán, ó kan bàbá tí ń roko ní ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kan olúkúlùkù ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ṣe ìdánwò tán, tí èsì kò sì tíì dé. A ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ní ọdún náà ìdúró yìí gùn, ó sì le, ju bí ó ti máa ń rí lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń dúró ti ọmọ ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ yóò mọ bí a ti ń ṣe é ní ọdún gbogbo.

BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ TI RÍ

Ọdún 2020 kò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀rùn fún àwọn ará Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní, iná jó ọjà Akẹ̀sán, ọjà àtayébáyé nì, ẹrù àti owó ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà sì bá iná lọ. Ìjọba tún ọjà náà kọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn kòrónà dé, ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì wà nínú àdánù yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Kí oṣù kẹta tó parí, a ti ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ìdánwò ìwé mẹ́wàá, tí àjọ WAEC ń ṣe, kò lè bẹ̀rẹ̀ ní àkókò rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti ṣe ìdánwò JAMB ní oṣù kẹta, èsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èsì JAMB láìsí ìwé mẹ́wàá dàbí kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn.

Ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, ìjọba kò jẹ́ kí ènìyàn rin ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ oníṣòwò tí ń lọ jìnnà, àní dé òkè Ọya. Bàbá tí ó wà lẹ́nu òwò kò lè wá wo ọmọ rẹ̀ nílé. Ní oṣù keje, a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún àwọn tí wọ́n wà ní kíláàsì ìkẹyìn. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà gan-an, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kò ní ṣe ìdánwò WAEC ní ọdún náà. Kí oṣù náà tó tán, ìjọba tún gbà pé wọn yóò ṣe é. Ẹ ro bí ọkàn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yóò ti rí láàrin bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ yìí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá tí èsì jáde, àádọ́ta ọjọ́ ó lé ọ̀kan ni. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kò sì jẹ́ ọjọ́ àlàáfíà. Ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ lórí ọ̀ràn SARS gba ìlú kan ní oṣù kẹwàá, àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Kò sí òbí kan ní ìlú náà tí kò béèrè lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Níbo ni ọmọ mi wà?"

KÌ Í ṢE TIWA NÌKAN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ìbátan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, nítorí àrùn yìí, wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó ṣe ìdánwò rárá. Àwọn olùkọ́ ni ó kọ máàkì tí wọ́n rò pé ó tọ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn aláṣẹ sì fi ìlànà ìṣirò kan yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí èsì jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, a rí i pé nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn máàkì náà ni ìṣirò yìí ti rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ké, àwọn òbí ké, àti ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, ọjọ́ kan náà tí àwọn ọmọ tiwa wọ ilé ìdánwò, ìjọba ibẹ̀ pa ìṣirò náà tì. Ohun tí a rí kọ́ nínú èyí ni pé ìwé èsì, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Ó wúlò, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò lè sọ gbogbo ohun tí ọmọ jẹ́.

Àwọn baba wa náà mọ ìdúró yìí. Kí a tó dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní ọdún 1952, ìdánwò Kémbríìjì ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ń ṣe. A ó di ìwé ìdáhùn wọn pọ̀, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e ré kọjá òkun, oṣù púpọ̀ yóò sì kọjá kí èsì tó padà. Ìlú tí a dá Ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew sí ní ọdún 1896, àti ìlú tí ìjọ Baptist dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sí ní ọdún 1898, kì í ṣe ìlú tí ìwé jẹ́ àjèjì sí. Ohun tí ó ku fún wa ni kí a mọ ìwà tí ó yẹ òbí nígbà tí ìwé kò tíì dé.

OHUN TÍ ÒBÍ LÈ ṢE

Èkínní, kí òbí gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ ọmọ kì í ṣe ìgbéraga nígbà gbogbo. Bí ọmọ bá sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, kí a má ṣe yára dá a lóhùn pé aláìnígbàgbọ́ ni. Kí a jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Bí ó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ púpọ̀, bí kò bá rí oorun sùn, bí ó bá ń sá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí bí ó bá sọ pé kò wu òun láti wà láàyè mọ́, a kò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé. Kí a má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Kí a pe olùkọ́ tàbí alàgbà tí ó fẹ́ràn, kí a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá. Àwọn míṣọ́nnárì tí ó mú Ìhìnrere wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni ó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò rí i pé àdúrà àti ìtọ́jú ń bá ara wọn jà.

Èkejì, kí òbí ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ìdúró fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹrù. Kí a má ṣe gbé ẹrù mìíràn lé e. Òbí tí ń ka owó ilé-ẹ̀kọ́ sí ọmọ létí lójoojúmọ́ rò pé òun ń kọ́ ọ ní ọpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń gbọ́ ni pé gbèsè ni òun jẹ́ nínú ilé. Lẹ́yìn iná Akẹ̀sán, ìyá mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìrètí èsì ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó kù ú kù; a bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ gbé ọjà tí ó jóná lórí. Kí a má sì fi ọmọ aládùúgbò wé e, nítorí ìka kò dọ́gba. Ẹ rántí ilé Jesse ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Nígbà tí wòlíì dé láti yan ọba, bàbá náà to ọmọ méje sílẹ̀, kò tilẹ̀ ránṣẹ́ pe èyí tí ó wà lọ́dọ̀ àgùntàn. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni Ọlọ́run ń wá. Bàbá kò mọ èsì ọmọ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí òbí wá iṣẹ́ fún ọwọ́ ọmọ, kì í ṣe bí ìjìyà, bí kò ṣe bí ìtùnú. Ọjọ́ tí ó ṣófo a máa gùn, ọ̀dọ́ tí kò ní ibi tí ó ń lọ a sì máa bá èrò lọ. Ní Ọ̀yọ́, àwọn tí ń fín igbá wà, àwọn tí ń ṣe awọ wà, àwọn tí ń ṣe ìlù wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, oko wà, ilé àwọn aránṣọ àti ti àwọn tí ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà wà pẹ̀lú. Bí ọmọ bá kọ́ ọ̀kan nínú wọn fún oṣù méjì, kò pàdánù ohunkóhun. Bí ó bá yege, ó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí kò bá yege, kò bá ara rẹ̀ ní ọwọ́ òfo. Kí a bi í léèrè èyí tí ó fẹ́, nítorí iṣẹ́ tí a fi ipá gbé lé ọmọ lọ́wọ́ yóò dàbí ìdájọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí òbí má ṣe ra èsì. A sọ èyí gbangba fún ẹ̀yin ọmọ ìjọ, nítorí pé a mọ̀ pé àwọn kan ń san owó fún ibi tí a ti ń kọ ìdáhùn fún ọmọ. Nínú àwọn 1,538,445 tí ó ṣe ìdánwò náà ní ọdún 2020, àjọ WAEC dá èsì àwọn 215,149 dúró nítorí ẹ̀sùn màgòmágó. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìdúró tiwọn kò parí nígbà tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn parí. Òbí tí ó ra èsì ti sọ fún ọmọ rẹ̀ láìlanu pé òun kò gbà á gbọ́. Ó sàn kí ọmọ kùnà pẹ̀lú òtítọ́, kí ó sì tún un ṣe, ju kí ó yege pẹ̀lú irọ́, kí ó máa bẹ̀rù ìwé ara rẹ̀ títí ayé.

Ẹ̀karùn-ún, kí a la ọ̀nà méjì sílẹ̀ kí èsì tó dé. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 2020, àwọn 1,003,668 ni ó gba máàkì tí ó dára nínú iṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Èyí jẹ́ nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí kò rí i gbà lé ní 530,000. Ǹjẹ́ gbogbo ọmọ wọ̀nyí ha di aláìwúlò bí? Ìdánwò NECO wà, a sì lè tún ti WAEC ṣe. Àní àwọn tí ó yege pàápàá kò rí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta, wọn kò sì padà títí di ọjọ́ 23 oṣù kejìlá. Nítorí náà, kí bàbá àti ìyá jókòó ti ọmọ, kí wọ́n sì sọ fún un pé: "Bí ó bá rí báyìí, èyí ni a ó ṣe, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èyí ni a ó ṣe. Nínú méjèèjì, ọmọ wa ni ọ́." Ìbẹ̀rù ọmọ kì í sábà jẹ́ ti ìwé, ohun tí ń bà á lẹ́rù ni ojú tí a ó fi wò ó nígbà tí ìwé bá dé.

NÍ ỌJỌ́ TÍ ÈSÌ BÁ DÉ

Lónìí, kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé èsì wá. Ọmọ lè rí i lórí fóònù nínú yàrá, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nítorí náà, kí òbí wà nítòsí ní ọjọ́ náà. Kí a jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣí i, kí ó sì sọ ọ́ fún wa. Kí a má ṣe já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a má sì ké sí àwọn ẹbí kí òun tó gbà. Bí ó bá dára, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra kí ariwo ayọ̀ wa má ṣe di ìbànújẹ́ fún ọmọ ilé kejì. Bí kò bá dára, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu wa jẹ́ orúkọ rẹ̀, orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà fún ìbáwí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ní ọjọ́ èsì, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó ṣáájú.

Ẹ̀yin ará, ọmọ ti ṣe ìdánwò tirẹ̀ tán. Èyí tí ó kù, tiwa ni. A kò lè yí máàkì padà, ṣùgbọ́n a lè rí i pé kò sí ọmọ kan nínú ìjọ wa, ìbáà ṣe ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó dúró de èsì ní òun nìkan. Kí àwọn alàgbà bẹ àwọn ọ̀dọ́ wò, kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi béèrè wọn, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá sì ran opó tí ọmọ rẹ̀ kò rí owó láti tún ìdánwò ṣe lọ́wọ́. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù nígbà ìdúró, àti ọgbọ́n nígbà tí èsì bá dé. Àmín.