Kòkó lọ́wọ́ ọmọdé

Bí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta bá wà nílé lónìí, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ṣokoléètì. Ẹ bu ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí kan sínú abọ́, ẹ pò ó mọ́ yúgọ́ọ̀tì títí yóò fi ki, kí ẹ wá tẹ́ páálí funfun sílẹ̀ fún un. Ìka ni yóò fi yàwòrán. Á tọ́ ọ lá, á fi kun ẹnu, á fi kun ikùn. Ẹ má bá a wí, aṣọ ṣeé fọ̀.

Ẹ tún fi ègé ṣokoléètì kékeré sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ooru ara èèyàn tó yọ́ ọ. Ẹ wo ojú ọmọ náà bí ohun líle ṣe ń di omi lọ́wọ́ rẹ̀!

Ẹ̀yin ará Ìdànrè àti Oǹdó, tiyín tún dùn jù: ẹ la odidi èso kòkó níwájú rẹ̀, kó fìka tọ́ ohun funfun tó bo kóró rẹ̀ lá. Owó kóró yìí wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, òun náà ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó n'Íbàdàn. Ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n látọwọ́ dé ẹnu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fi kóró sẹ́nu, kó má bàa há a lọ́fun. Àárọ̀ ni kí ẹ sì ṣe é, torí kaféènì inú kòkó lè lé oorun lọ. Bí ẹ bá ní ajá, ẹ tètè nu ilẹ̀. Májèlé ni ṣokoléètì fún un.