Ọmọbìnrin Tuntun ní Abúlé Íńdíà

Láti ọdún 2011 ni ìjọba Íńdíà ti pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn rẹ̀ máa tọ́jú ọmọ tuntun tí ń ṣàìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọkọ̀ sì gbé e láti ilé, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ abúlé ìhà àríwá, ọmọkùnrin ni wọ́n ń gbé lọ jù. Lóòótọ́, ara ọmọbìnrin a máa le díẹ̀ jù nígbà ìbí. Ìyẹn nìkan kọ́. Bàbá alágbàṣe a máa ro owó òòjọ́ tí yóò pàdánù. A sì máa ro owó tí ẹbí ọkọ ọmọ náà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, bí òfin ọdún 1961 tilẹ̀ kà á léèwọ̀. Ìṣirò búburú ni. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera tí ń bẹ ìyá wò nílé ní ọjọ́ kẹta ni ó lè bá a jiyàn kí ó tó pẹ́ jù.