Ta Ni Kí A Bá Wí?

Bí ọjà tí ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe bá ní àbùkù, ta ni kí a bá wí? Àṣà tí ó gbilẹ̀ nígbà kan ni pé kí olùyẹ̀wò dúró níbi tí iṣẹ́ parí sí, kí ó ṣa èyí tí kò dára sọ nù, kí ọ̀gá sì kọjú ìbínú sí òṣìṣẹ́.

Walter Shewhart, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, wo ọ̀rọ̀ náà jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1924, ní ilé-iṣẹ́ Western Electric tí ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù, ó ya àwòrán kan tí a lè fi mọ àbùkù tí ó ti inú ọ̀nà ìṣiṣẹ́ gan-an wá yàtọ̀ sí èyí tí ó ní ìdí ọ̀tọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1939, ó fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta ṣe òbìrìkìtì: pípinnu ohun tí a fẹ́, ṣíṣe é, àti yíyẹ̀ ẹ́ wò. W. Edwards Deming, ẹni tí ó bá a to ìwé náà, gbé ẹ̀kọ́ yìí dé Jàpáánì ní 1950, wọ́n sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó dà níkẹyìn: kí a pète, kí a dán an wò ní kékeré, kí a wo ohun tí ó yọrí sí, kí a sọ ọ́ di àṣà tàbí kí a pa á tì, lẹ́yìn náà kí a tún bẹ̀rẹ̀. Alákàrà mọ èyí. Ẹyọ kan ni ó kọ́kọ́ ń dín tọ́ wò, kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó.

Ìkẹta ni ó ṣòro. Àwọn kan ń pè é ní àyẹ̀wò. Deming kò fẹ́ orúkọ yẹn, ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó fẹ́ kí a máa pè é. Ohun tí a ti retí ni a ó gbé síwájú ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí a kò bá kọ ìrètí wa sílẹ̀ ṣáájú, ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀, a ó ní a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wọ kíláàsì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ogójì bá kùnà ìbéèrè kan, a lè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọgbọ̀n bá kùnà rẹ̀ ńkọ́? Ẹgba kò níṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ wọn ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Kí olùkọ́ yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ó kọ iye ẹni tí ó retí pé yóò gbà á, kí ó sì wò ó. Ó ṣeé ṣe kí ó kùnà nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ jókòó tì mí yìí, ǹjẹ́ ọ̀gá yín yóò gba irú ìkùnà bẹ́ẹ̀ láàyè?